Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí x bá pàdé sáìnì

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, lẹ́tà lórí kalikúlọ́ọ̀sì ló ń ya wọlé sí wa láti Àbújá títí dé Kánò, ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń bi wá: báwo la ṣe ń integrate (ìyẹn òdì-kejì differentiate) nǹkan tí pólínómíà (bíi x² tàbí x³ − 4x) àti sáìnì tàbí kọsáìnì bá jọ wà nínú rẹ̀? A ṣa mẹ́jọ jáde. Ẹ mú bírò àti ìwé o, torí ìṣirò kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú lásán kà. Nínú iṣẹ́ gan-an, sin, cos àti tan la ó máa kọ, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lójú pátákó.

Mò ń yípo ojú kan

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ká integrate x² cos x ní MTH 102. Mo lo by parts, mo fi cos x ṣe u. Ohun tó jáde le ju èyí tí wọ́n fún wa lọ. Mo yí i padà, mo fi x² ṣe u. Ó kọ́kọ́ dára, àmọ́ nígbà tí mo ṣe by parts lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ pa ara wọn rẹ́, ó ku 0 = 0. Níbo ni mo ti ṣì í?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Kubwa, Àbújá*

Àbúrò, ibi méjì lo ti ṣì í, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fọ́múlà by parts nìyí: ∫ u dv = uv − ∫ v du. Differentiate ni wàá ṣe fún u, integrate ni wàá ṣe fún dv. Wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì. Tí o bá ń differentiate x², ó di 2x, ó di 2, ó di 0, ó parí. Tí o bá ń differentiate cos x, ó di −sin x, ó di −cos x, ó di sin x, ó tún padà di cos x. Títí ayé, kò ní tán. Ṣùgbọ́n tí o bá integrate cos x, kò sanra, kò rù, sin x lásán ni. x² ni kò yẹ kí o máa integrate, torí x³/3 ni yóò dà, lẹ́yìn náà x⁴/12, agbára rẹ̀ á máa ga sí i. Ìdí nìyẹn tí pólínómíà fi ń jẹ́ u. Èyí tí o kọ́kọ́ rí, ìyẹn (x³/3) cos x + ⅓∫ x³ sin x dx, kì í ṣe irọ́ o. Òótọ́ ni, ó kàn jẹ́ pé òkè lò ń gùn nígbà tí ibi tí ò ń lọ wà nísàlẹ̀.

Ibi kejì ló fún ọ ní 0 = 0. Nígbà tí o fi x² ṣe u, o rí x² sin x − ∫ 2x sin x dx. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àfi bí o ṣe dé ìdí ∫ 2x sin x dx, tí o wá fi sin x ṣe u, tí o sì integrate 2x. Ohun tí o ti differentiate tẹ́lẹ̀ lo tún integrate padà yẹn. Ọwọ́ òsì ń tú ohun tí ọwọ́ ọ̀tún dì. Ẹni tó bá jẹ́ u ní ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, ìdílé rẹ̀ ni yóò jẹ́ u títí dé òpin. Fi 2x ṣe u, fi sin x dx ṣe dv, v wá di −cos x:

∫ 2x sin x dx = −2x cos x + 2 sin x

Yọ èyí kúrò lára x² sin x, kí o sì ṣọ́ àmì nígbà tí o bá ń yọ ọ́:

∫ x² cos x dx = x² sin x + 2x cos x − 2 sin x + C

C ni kọ́ńsítáńtì, nọ́ńbà tí kì í yí padà. Iye agbára tó wà lórí x ni iye ìgbà tí wàá ṣe by parts. x⁴ ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní gígùn, kó ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àmì ń sọnù lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi

Ẹ kú akitiyan. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra àtiwọ yunifásítì ní ìrọ̀lẹ́. By parts yé wọn, àmọ́ bí agbára x bá ti tó 3, àmì a sọnù, ìdá a sọnù. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí mo lè fi kọ́ wọn tí àṣìṣe yóò fi dín kù?
*Tíṣà, Gwagwalada*

Tíṣà wa, ọ̀nà wà: ẹ fi tébù kọ́ wọn. By parts náà ni, tébù kàn ń bá wọn tò ó ni. Ẹ jẹ́ ká fi (x³ − 4x) sin 2x ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ní ohun méjì tó ń da ọmọ láàmú: pólínómíà tó ní ju ẹyọ kan lọ, àti 2 nínú sáìnì.

Ẹ fa òpó mẹ́ta. Nínú òpó kìn-ín-ní, àmì: +, −, +, −, kí wọ́n máa gba ipò ara wọn, + ni kó sì máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Nínú òpó kejì, ẹ kọ pólínómíà sórí, kí ẹ máa differentiate rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi di 0. Nínú òpó kẹta, ẹ kọ sin 2x sórí, kí ẹ máa integrate rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ títí ìlà á fi bá ti òpó kejì dọ́gba.

| Àmì | Differentiate | Integrate |
|---|---|---|
| + | x³ − 4x | sin 2x |
| − | 3x² − 4 | −½ cos 2x |
| + | 6x | −¼ sin 2x |
| − | 6 | ⅛ cos 2x |
|  | 0 | (1/16) sin 2x |

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ rèé: kì í ṣe ohun tó wà lórí ìlà kan náà là ń sọ di púpọ̀. Ohun tó wà ní òpó kejì ni ẹ ó sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ohun tó wà ní òpó kẹta *ní ìlà tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀*. Àmì tó wà níwájú òpó kejì ni ẹ ó lò. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi bírò fa ọfà láti òkè wá sísàlẹ̀ lórí tébù náà gan-an. Ẹni tó bá fa ọfà kì í sábà ṣì í. x³ − 4x yóò pàdé −½ cos 2x, 3x² − 4 yóò pàdé −¼ sin 2x, 6x yóò pàdé ⅛ cos 2x, 6 yóò sì pàdé (1/16) sin 2x. Ohun tó jáde nìyí:

−½(x³ − 4x) cos 2x + ¼(3x² − 4) sin 2x + ¾x cos 2x − ⅜ sin 2x + C

Ẹ kíyè sí ẹyọ kejì: àmì òpó kìn-ín-ní jẹ́ −, −¼ náà ní − tirẹ̀, méjèèjì di +. Kí wọ́n má fi ojú pa àmì pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ tébù. Kí òpó kìn-ín-ní dúró bó ṣe wà, kí àmì sáìnì àti kọsáìnì dúró sínú òpó kẹta, ìgbà tí wọ́n bá ń sọ wọ́n di púpọ̀ ni kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀.

Nípa ìdá: nígbà tí a bá integrate sin 2x, a ń *fi 2 pín* ni. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí differentiate a máa fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. Ní ìlà kejì ìdá 2 ni, ní ìkẹta ìdá 4, ní ìkẹrin ìdá 8, ní ìkarùn-ún ìdá 16. Tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kò bá máa di ìlọ́po méjì báyìí, kí ọmọ náà dúró, kó wo ẹ̀yìn.

Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó di:

(−½x³ + (11/4)x) cos 2x + (¾x² − 11/8) sin 2x + C

Kí wọ́n wá differentiate èyí. Gbogbo ohun tó ní cos 2x yóò pa ara wọn rẹ́, torí −(3/2)x² + 11/4 yóò pàdé (3/2)x² − 11/4. Lára sin 2x, x³ − (11/2)x + (3/2)x ni yóò kù, ìyẹn x³ − 4x tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, àwa ò sì rí ìdí tí ọmọ kan fi yẹ kó fi ìwé sílẹ̀ láìṣe é.

Mẹ́ta tó jọra, mẹ́ta tó yàtọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ integrate x sin(x²), x³ sin(x²) àti x² sin(x²). Mo ya tébù fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó há mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìlà kejì. Ṣé tébù náà ni kò dáa ni?
*Samaru, Zaria*

Tébù dáa, ibi tí o lò ó sí ni kì í ṣe ipò rẹ̀. Kí o tó fọwọ́ kan bírò, inú àkámọ́ sáìnì ni kí o kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ 3x, tàbí 5x + 1, tébù yóò ṣiṣẹ́, torí o lè máa integrate sin(5x + 1) lọ títí, ohun kan kò ní dí ọ lọ́wọ́. Sin(x²) kò rí bẹ́ẹ̀: o kò lè integrate rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá. Òpó kẹta ti kú kí o tó dé ìlà kejì.

Fún x sin(x²), ìpààrọ̀ ni. Pe x² ní t; dt = 2x dx. x tó wà níta ti gbé dt fún ọ tán, àfi ½ ló kù: ½∫ sin t dt = −½ cos(x²) + C. Ìlà kan ti tó.

Fún x³ sin(x²), ya x³ sí x² àti x. x máa lọ sínú dt, x² máa di t, ó ku ½∫ t sin t dt. Ìgbà yìí ni tébù tó wúlò, nítorí t lásán ló wà nínú sáìnì. Ìdáhùn: ½ sin(x²) − ½x² cos(x²) + C.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Tí o bá mú x kan kúrò lára x² láti fi ṣe dt, x kan ṣẹ́kù tí kò rí ibi wọ̀, √t ni yóò dà. Tí o bá ṣe by parts, tí o fi x ṣe u, tí o sì fi x sin(x²) dx ṣe dv, o máa rí −½x cos(x²) + ½∫ cos(x²) dx, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí. ∫ cos(x²) dx kò ní ìdáhùn kankan tí a lè fi pólínómíà, sáìnì, lọ́ọ̀gì àti àwọn ẹbí wọn kọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò tíì rí i; wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn pé kò sí. Ará Faransé ni Joseph Liouville tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Orúkọ Augustin-Jean Fresnel, ará Faransé mìíràn tó ṣiṣẹ́ lórí ìmọ́lẹ̀, ni wọ́n fi ń pe irú integral yìí. Síbẹ̀, láti 0 dé àìlópin, ó ní iye: √(π/8), nǹkan bí 0.627.

Nítorí náà, fún xⁿ sin(x²), tí n bá jẹ́ 1, 3, 5, 7, máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ 0, 2, 4, 6, má wulẹ̀ fi alẹ́ ṣòfò.

Sáìnì méjì nínú ìbéèrè kan

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣe x sin² x àti x sin 3x cos 2x?
*Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì, Kàdúná*

Ẹ kọ́kọ́ tú sáìnì sílẹ̀ kó di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ronú kan by parts.

sin² x = ½ − ½ cos 2x. Ìdáhùn wá di x²/4 − (x/4) sin 2x − ⅛ cos 2x + C. Ẹ má fi sin² x pe sin(x²) o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

sin 3x cos 2x = ½ sin 5x + ½ sin x. Ẹ wá integrate ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: −(x/10) cos 5x + (1/50) sin 5x − (x/2) cos x + ½ sin x + C. Ẹni tí kò bá tú u sílẹ̀, tó fi sin 3x cos 2x sínú òpó kẹta bó ṣe wà, yóò tún bá ara rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti tú u.

Ìdáhùn mẹ́ta fún ìbéèrè kan

Ẹ bá mi wo èyí: integrate x² sin x láti 0 dé π. Ọwọ́ mi fún mi ní π² − 2. Kakulétọ̀ fún mi ní 0.425. Ìwé ní π² − 4. Ta ni kí n gbàgbọ́?
*Minna, Niger State*

Ìwé ló jàre. Àṣìṣe ọwọ́ rẹ àti ti kakulétọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọwọ́ rẹ kọ́kọ́. Tébù fún ọ ní −x² cos x + 2x sin x + 2 cos x. Ní π, cos π = −1, sin π = 0, ó sì di π² + 0 − 2. O ṣe ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n o dé 0, o rí x² àti 2x, o ní gbogbo rẹ̀ ti di 0, o sì kọjá. Ẹyọ kẹta kò ní x kankan níwájú; cos 0 = 1, nítorí náà 2 ló wà níbẹ̀. π² − 2 − 2 = π² − 4, nǹkan bí 5.870. Nínú irú ìṣirò yìí, ààlà tó jẹ́ 0 kì í sábà fún wa ní 0. Fi 0 sínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kakulétọ̀ wàyí. Wo òkè ojú rẹ̀, lẹ́tà kékeré kan wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ D, dígírì ló fi ń ka igun, π tìrẹ sì ti di nǹkan bíi dígírì 3.14, ibi tí sáìnì ò tíì kúrò nílẹ̀. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa differentiate àti integrate sáìnì, rédíánì la fi ṣe é, ìyẹn ìwọ̀n igun tí π fi jẹ́ dígírì 180. Lórí Casio tí wọ́n kọ ES PLUS sí lára, tẹ SHIFT, tẹ MODE, tẹ 4. D yóò di R. Tún un ṣe, 5.870 ni yóò gbé jáde.

Kódà láìsí ìwé, 0.425 yẹ kó fu ọ́ lára. Láti x = 1.5 dé x = 2.5 nìkan, x² kò kéré sí 2.25, sin x kò sì kéré sí 0.59. Sọ wọ́n di púpọ̀, ó ti ju 1.3 lọ níbi kékeré yẹn nìkan.

Ẹni tó ń tún inverter ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ka Fourier, ìyẹn bí a ṣe ń tú ìgbì sí sáìnì àti kọsáìnì, láti lè mọ ohun tó wà nínú ìgbì tí inverter ń gbé jáde. Mo ń ṣe ti x² láti −π dé π. Mo rí 4(−1)ⁿ/n² fún kọsáìnì, àmọ́ bí mo bá fi n = 0 sí i, mo ń fi 0 pín nǹkan. Ti sáìnì sì ń fún mi ní 0 ní gbogbo ìgbà. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́?
*Sabon Gari, Kánò*

Ọ̀gá, ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Ti sáìnì gbọ́dọ̀ jẹ́ 0: tí ẹ bá fi −x sí ipò x nínú x² sin nx, àmì rẹ̀ yí padà, nítorí náà ohun tó wà lápá òsì àti èyí tó wà lápá ọ̀tún pa ara wọn rẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn kọ 0, kí ẹ má ya tébù rárá.

Ti n = 0, ọ̀tọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ṣe é. Nínú òpó kẹta tébù, n lẹ fi ń pín ní ìlà kọ̀ọ̀kan: sin nx/n, −cos nx/n², −sin nx/n³. Láti ìgbà tí ẹ ti kọ ìlà kejì lẹ ti gbà pé n kì í ṣe 0. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀: nígbà tí n = 0, cos 0 = 1, ó ku x² lásán. (2/π) × (π³/3) = 2π²/3, ìdajì rẹ̀ lẹ sì máa lò, π²/3. Gbogbo rẹ̀ wá di:

x² = π²/3 − 4 cos x + cos 2x − (4/9) cos 3x + …

Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé tí ẹ bá fi x = π sí i, ẹ máa rí i pé 1 + 1/4 + 1/9 + 1/16 + … = π²/6. Ọ̀nà mìíràn ni Euler gbà rí i ní àwọn ọdún 1730.

Fún iṣẹ́ yín, ẹ fi èyí wé x lásán láti −π dé π, ìgbì tó ní eyín bí ayùn. Tirẹ̀ jẹ́ 2(−1)ⁿ⁺¹/n fún sáìnì: n ló wà nísàlẹ̀, kì í ṣe n². Ìdí ni pé ìgbì x já lójijì ní π, ó bọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ti x² kò já, ó kàn ṣẹ́ kọ́rọ́ ni. Ìgbì tó bá ń já báyìí, àwọn ẹyọ rẹ̀ ti òkè kì í tètè kú. Lórí iná 50 Hz, ẹyọ kẹta wà ní 150 Hz, ẹ̀karùn-ún ní 250 Hz: nínú x, ẹ̀karùn-ún ṣì jẹ́ ìdá 1/5 ti àkọ́kọ́, nínú x² ó ti di 1/25. Fílítà ló máa ru ẹrù ìyàtọ̀ yẹn.

Méjì tó ṣẹ́kù

Láti Jọ́s, ẹnì kan béèrè x tan⁻¹ x (tan⁻¹ x ni igun tí tan rẹ̀ jẹ́ x). Níbí, pólínómíà kọ́ ni u o! Kò rọrùn láti integrate tan⁻¹ x lójú ẹsẹ̀, àmọ́ tí a bá differentiate rẹ̀, ó di 1/(1 + x²), nítorí náà òun ni u. Ọgbọ́n kékeré kan wà: tí v bá jẹ́ x²/2, ẹ lè fi kọ́ńsítáńtì kún un, kó di (x² + 1)/2. Yóò pa 1 + x² ìsàlẹ̀ rẹ́ pátápátá, ó sì ku ½(x² + 1) tan⁻¹ x − x/2 + C. Kẹ́ ẹ má gbàgbé pé tan⁻¹ x kì í ṣe 1/tan x.

Lókòjá ló kẹ́yìn: x sin x/(1 + cos² x), láti 0 dé π. By parts kò ní dé ibì kan. Ẹ pè é ní I, kí ẹ fi π − x sí ipò x. Sin kò yí, cos² kò yí, x nìkan ló di π − x. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, x pa ara rẹ̀ rẹ́:

2I = π ∫ sin x/(1 + cos² x) dx, láti 0 dé π

Ẹ pe cos x ní t. Èyí tó kù jẹ́ π/2. I = π²/4. Kakulétọ̀ tó bá wà ní R yóò gbé 2.467 jáde.